Kí N Tó Tẹ "Bẹ́ẹ̀ Ni"

Owóníyì pè mí láti Kàbà, ó ní,
"Ìyá, ẹ má tún un ṣe mọ́.
Ẹ nù ún nù pátápátá, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀."
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n ṣan àwo.

Kọ̀ǹpútà yìí ti ń mí hẹlẹhẹlẹ láti ìgbà ọyẹ́ èṣí.
N óò tan án kí n tó lọ pọnmi,
n óò dé, n óò dáná, n óò jẹun tán,
àmì roboto yẹn á ṣì máa pòòyì lójú rẹ̀
bí ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ kúrú.

Mo bá ń kó ẹrù.
Fúláàṣì kan ṣoṣo, kò ju ọmọńdinrín lọ,
òun ni mo fẹ́ fi kó ilé ọdún mọ́kànlá.
Àwòrán ìgbéyàwó Ẹniafẹ́: kó o.
Ìwé ilẹ̀ ẹ̀bá Odò Òyí: kó o lẹ́ẹ̀mejì.
Ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹta,
tí àwọn fúnra wọn ti ń tọ́mọ báyìí.
Ó yẹ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.
Mo kó o.

Ìgbà náà ni mo kan èyí tó pè ní KAJÚ.
Ọlọ́runnípa ló ń kọ ọ́, kó tó lọ.
Àpò méjìlélógún, àwọn ará Èjìbà, owó ò tíì pé.
Àpò mẹ́sàn-án, òjò pa á, mo gbà á bẹ́ẹ̀.
Láàárín iye owó àti ọjọ́, ó kọ:
"Ìbídùn ní ẹ̀yìn ń ro òun. Ra róòbù."
Mo jókòó síbẹ̀.
Ẹ̀yìn náà ṣì ń ro mí.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Kò sẹ́ni tó bi ayaba
kí ló wà lórí àjà.

Iná lọ. Kò dé títí aago mẹ́sàn-án alẹ́.
Nígbà tó dé, gbogbo ọmọdé Ìsánlú hó yèè,
mo sì ki fúláàṣì kejì bọ̀ ọ́ létí.
Ó béèrè: ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?
Mo pe Owóníyì. Mo ní, "Ó ń bi mí."
Ó ní, "Ẹ dá a lóhùn, Ìyá."
Ẹ̀rọ a tilẹ̀ máa béèrè.
Ikú ò bi mí.

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdá méje. Ìdá méjìlá.
Ó dúró sórí mọ́kàndínláàádọ́ta,
mo rẹ́ ilá tán, ibẹ̀ ló ṣì wà.
Lẹ́yìn náà ó ní níbo ni mò ń gbé.
Mo wá Ìsánlú. Mo wá Mopà. Mo wá Lọ́kọ́ja pàápàá.
Èkó nìkan ló mọ̀.
Mo gbà láti jẹ́ ará Èkó, kí iṣẹ́ lè tẹ̀síwájú.

Ó wá ní, kí ni orúkọ mi?
Ọlọ́runnípa ló máa ń wà níbẹ̀.
Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ín,
orúkọ rẹ̀ ni mo ṣì fi ń wọlé láràárọ̀,
bí ẹni tó ń gba yàrá rẹ̀ kọjá.
Ìka mi rọ̀ sókè.
Mo wá kọ Ibidun, láìsí àmì ohùn kankan,
nítorí n kò tíì mọ ibi tó kó wọn sí.

Ojú rẹ̀ mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá,
tí adìẹ ò tíì tẹ̀.
Ó sì yá. Kí n tó fọwọ́ kàn án, ó ti ṣí.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
wọn ò mọra wọn mọ́.

Okun o, ẹ̀yin méjèèjì.
Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́.
Mo dìde, mo lọ wá róòbù.